Ẹ Bi Ìkòkò Léèrè Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di onílé, mo ti wọ pálọ̀ yín. Mo rí táìlì, mo rí àga, mo rí tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odindi ògiri. Mo tún rí ìkòkò òdòdó gíga méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe lókè òkun, tí ẹ ra lówó gọbọi, tí aládùúgbò yín náà sì ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n níbo ni àmù ìyá yín àgbà wà?

Èmi mọ ibi tó wà. Ẹ̀yìn ilé ìdílé ló wà, nídìí ògiri, adìẹ ti sọ ọ́ di ibi tó ń yé ẹyin sí.

Bí kíkó ohun amọ̀ àtijọ́ jọ bá wù yín, ẹ má tíì sáré lọ sọ́jà. Ẹ wá àgbà obìnrin tó kù nínú ilé, kí ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè ẹni tó mọ ìkòkò náà, ọjà tí wọ́n ti rà á, àti ẹni tó gbé e wá sílé ọkọ. Ẹ ó gbọ́ pé àmù ni wọ́n ń tọ́jú omi mímu sí, orù ni wọ́n ń gbé lọ sódò, ìsaasùn ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, agbada ni wọ́n fi ń yan gàrí. Ẹ fi fóònù gba ohùn màmá náà sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tó sọ sí bébà kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ọrùn ìkòkò. Ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìyá tó mọ ọ́n, ìdajì rẹ̀ ti fọ́ kí ẹ tó gbé e wọlé.

Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ. Ẹ lọ sí Dada, ní Òkèlele, ní Ìlọrin, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn á dojú ìkòkò kan dé ilẹ̀, wọn á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, kí ti tuntun lè gba ìdí ti àgbà. Nígbà tó bá gan díẹ̀, wọn á yọ ọ́, wọn á wá máa fi amọ̀ tí wọ́n yí gbọọrọ gbé ọrùn rẹ̀ sókè. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, pẹ̀lú igi àti koríko. Bó bá ti ń ti inú iná bọ̀, tó ṣì gbóná janjan, wọn á da omi èèpo irúgbá sí i lára. Omi yẹn ló ń fún un ní pupa tó fẹ́ ṣú, tó ń dán wẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ àwọ̀ náà dáadáa, nítorí àwọn oníṣòwò kan wà tó jẹ́ pé fáníìṣì ni wọ́n fi ń kun ìkòkò àná kó lè jọ ti àtijọ́. Dídán tiwọn a máa pọ̀ jù.

Ẹ má sì ha èéfín ìdí ìkòkò ọbẹ̀ dànù, mo bẹ̀ yín. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Tiyín ti jẹ ata, èéfín yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ìyá Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Sylvia Leith-Ross, tí wọ́n bí ní 1884, tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí ní 1907. Ìgbà tó ti darúgbó ló wá ń kó ìkòkò jọ fún mùsíọ́mù Jos, ìkòkò omi àti ìkòkò ọbẹ̀ lásán làsàn. Ìwé rẹ̀, Nigerian Pottery, jáde ní 1970. Ó dùn mí díẹ̀ pé àlejò ló bá wa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ló ni ìyìn. Ní Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja lónìí, ààfin Emir Sulaimanu Barau ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, ti rí ìkòkò Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, tó fín alángbá, àkekèé àti ejò sára amọ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọba ti gbé ìkòkò obìnrin abúlé sí ààfin kí òyìnbó tó wá yẹ́ ẹ sí. Ní 1954, Ladi darapọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀. Ẹ yí owó ogún náírà sẹ́yìn, òun lẹ ó rí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a fi mọ Àbátàn ará Òkè-Ọ̀dàn, tó ń mọ ìkòkò òrìṣà Erinlẹ̀, nítorí pé Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, bi í léèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò béèrè orúkọ wọn ńkọ́?

Mo dárúkọ Erinlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ìkòkò ojúbọ kì í ṣe ẹrù pálọ̀. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa sìn, ohun tí ẹlòmíràn ń bọ kì í ṣe tiyín láti gbé. Òfin náà wà níbẹ̀. Lójú òfin Nàìjíríà ti 1979, iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tó ní ìtàn tí wọ́n sì ti lò rí fún ìṣẹ̀ṣe, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Kì í ṣe ẹni tó bá wù ló lè máa rà á kó máa tà á, a kì í sì í gbé e kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹnì kan bá wá fi orí amọ̀ lọ̀ yín lóru pé láti Nok tàbí Ifẹ̀ ló ti wá, bó bá jẹ́ òótọ́, olè ni. Bó bá jẹ́ irọ́, olè náà ni.

Bí ẹ bá ń ra ti ọjà, ẹ fi egungun ìka kan án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó lera á dún ketekete, èyí tó ti sán á dún bọ̀kọ̀. Ọwọ́ méjì ni kí ẹ fi gbé e, kí ọ̀kan wà nídìí. Ọrùn kọ́ ni à ń dì mú. Ìdí rẹ̀ rọ́bọ́tọ́, nítorí náà ẹ fún un ní òṣùká aṣọ tó bá àwọ̀ ilé yín mu. Ẹ má fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Ẹ má pọn omi sí i lórí tábìlì onígi, àmù a máa làágùn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mú omi tutù. Ẹ má tún kó mẹ́wàá sójú kan. Ẹyọ kan tó dá dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ń ra àwo tánganran àtijọ́, ẹ máa yí ìdí rẹ̀ wò. Òfin Amẹ́ríkà kan ti 1890 lórí ọjà tí wọ́n ń kó wọ ilẹ̀ wọn ló mú kí àwọn oníṣẹ́ máa tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè wọn sí i, nítorí náà àwo tí wọ́n kọ "England" sí nídìí sábà máa ń jẹ́ ti 1891 síwájú. Ẹ gbé e kọ́ ògiri, ẹ má fi jẹun. Òjé wà nínú ohun dídán tí wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ nínú wọn, tòmátì àti ọsàn kíkan sì lè fà á jáde sínú oúnjẹ ọmọ yín.

Èyí tó bá fọ́, ẹ má dà á sí ààtàn. Ní Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà láyé àtijọ́, ìtàn sì ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ to tiyín sí ẹnu ọ̀nà, ẹ nà án ró, kó jẹ́ etí àpáàdì ni ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, kí ẹ sì fún un mọ́ra dáadáa. Èyí tí ẹ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá wọlé ni yóò lọ̀ ọ́ kúnná.