Àpótí Ìmọ̀: Iná àti Owó Nínú Mítà Kan

Ọmọ Jọbẹlẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, tó bá wọ yunifásítì lè kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná tàbí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Ẹ̀kọ́ méjèèjì pàdé nínú mítà ilé.

Ẹ̀rọ iná: Gílóòbù wáàtì 60 tó tàn fún wákàtí 10 yóò jẹ yúníìtì 0.6 (60 × 10 ÷ 1000). Gílóòbù LED wáàtì 9 yóò jẹ 0.09 péré fún iye wákàtí kan náà.

Ọrọ̀ ajé: Fi iye owó yúníìtì kan sọ ìyàtọ̀ náà di náírà. Ọjọ́ mélòó ni ìyàtọ̀ náà yóò fi san owó LED padà?

Ǹjẹ́ o mọ̀? Ọmọ Awẹ́, ní Afijio kan náà, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀jẹ̀túnjí Abọ́yadé, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó jẹ́ gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1975 sí 1978.

Ka mítà ilé yín lálẹ́ òní, kí o sì ṣe ìṣirò tìrẹ.