Ṣé Ọya Yí Padà Lẹ́yìn Ṣàngó?

ÌBÉÈRÈ: Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí. Wọ́n ń kọ́ wa ní ìtàn Tristan àti Iseut, olùkọ́ wa sì ní ó ti lé ní 800 ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń tún ìtàn ìfẹ́ àwọn méjèèjì kọ. Mo bi wọ́n bóyá àwa Nàgó ní irú rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bi àwọn ará ilé mi. Ìyá mi àgbà ní Ṣàngó àti Ọya ni, pé Ọya tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé ojú ikú. Àbúrò bàbá mi tó ti wo eré wọn rí ní Nàìjíríà bú sẹ́rìn-ín, ó ní agbede ọ̀nà ni obìnrin náà ti padà. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Ṣé wọ́n sì ti kọ̀wé lórí wọn bí ti Tristan?
Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Ifangni

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o káre. Bá mi kí olùkọ́ rẹ, ibi tó yẹ ni wọ́n rán ọ lọ.

Nínú ìyá rẹ àgbà àti àbúrò bàbá rẹ, kò sí ẹni tó purọ́. Ìra ni ọ̀rọ̀ wọn ti yà, ìlú àwọn Ọya, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 àmọ́ tí wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, sọ pé nígbà tí Ṣàngó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ lọ sí ilẹ̀ Tápà, ilé ìyá rẹ̀, Ọya nìkan ló bá a lọ nínú gbogbo ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dé Ìra, ọkàn Ọya já. Kò fẹ́ fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ di àlejò láàárín ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó dúró síbẹ̀ títí ìròyìn fi dé pé ọkọ rẹ̀ ti pa ara rẹ̀, ni òun náà bá ṣọkàn gírí, ó ṣe bí Ṣàngó ti ṣe. Ìyá rẹ àgbà di ìparí ìtàn mú, àbúrò bàbá rẹ di àárín rẹ̀ mú. (Àwọn oníṣàngó kì í gbà pé ọba so o. Má lọ bá wọn jiyàn Johnson ní ojúbọ.)

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ọba Kò So ti Dúró Ládipọ̀ ni àbúrò bàbá rẹ wò. Òṣogbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1963, ó sì dé Berlin ní 1964. Ládipọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ ni Ọya. Ọba tí gbogbo ayé kọ̀ sílẹ̀ ni eré náà ń fẹ́: Tìmì àti Gbọ́nkáà, àwọn balógun rẹ̀, ti dá wàhálà sílẹ̀, ará ìlú ti yẹ̀yìn, ìyàwó kan ṣoṣo ló kù. Bí Ọya bá dúró tì í, Ṣàngó kò ní dá wà mọ́. Nítorí náà Ọya lọ. Ládipọ̀ mọ orí ìtàgé ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Ọya ló san owó omijé tí a sun fún Ṣàngó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Tristan yín. Nínú èyí tí Béroul kọ, ọdún 3 péré ni oògùn ìfẹ́ tí àwọn méjèèjì mu fi ṣiṣẹ́. Nínú èyí tí Thomas kọ, ó di ọjọ́ ikú. Nígbà tí Joseph Bédier pa ìtàn náà pọ̀ sí ìwé kan ní 1900, òun náà ní láti yan.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o mú lọ sí kíláàsì. Pierre Verger kọ ìtàn kan sílẹ̀ pé Ṣàngó rán Ọya lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, níhà àríwá orílẹ̀-èdè wa, kó lọ gba oògùn tí yóò máa mú iná yọ lẹ́nu òun wá. Ọya kò ka ìkìlọ̀ ọkọ rẹ̀ sí, ó tọ́ ọ wò lọ́nà, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu òun náà. Inú Ṣàngó kò dùn rárá; òun nìkan ló fẹ́ ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ni Iseut fi mu tirẹ̀. Ọya mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn òǹkọ̀wé Faransé lè máa wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù fún ìfẹ́ Iseut, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹnu Ọya sọ̀rọ̀?

Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu pé ó dá dúró nígbà tó sọdá òkun. Ojú ọ̀nà tí Ọ̀yọ́ ń gbà dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láàárín 1700 sí 1800 ni ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, ilẹ̀ tìrẹ, wà, ọ̀nà ọjà tó tún jẹ́ ọ̀nà ẹrú. Àwọn tí wọ́n kó ní ẹrú gbé òrìṣà wọn dání. Ní Kúbà, wọ́n fi Santa Bárbara bo Ṣàngó. Ní Brazil, Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã, ni wọ́n fi Santa Bárbara kan náà bò. Ní 4 Oṣù Kejìlá, Havana ń ṣọdún ọkọ, Salvador ń ṣọdún ìyàwó! Láti inú èyí ni Dias Gomes ti kọ eré O Pagador de Promessas, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1960: ọkùnrin kan jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Iansã nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó gbé àgbélébùú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Bárbara, àlùfáà kò jẹ́ kó wọlé. Fíìmù rẹ̀ gba Palme d'Or ní Cannes ní 1962. Ní 1988, Jorge Amado kọ ìwé tí ère Santa Bárbara ti di Iansã, tó ń rìn kiri ní Salvador. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ Ìra níbẹ̀.

Nítorí náà, wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́. Èyí tí mi ò tíì kà ni ti ìyá rẹ àgbà. Fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ náà sí i, kí o sì bi wọ́n ní ohun kan pàtó: kí ni Ọya sọ fún Ṣàngó ní Ìra? Fi èsì wọn ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde.