Pàǹtí Yín Ò Rìn Jìnnà

Bí ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ bá ti yà kúrò ládùúgbò, ọkàn wa a balẹ̀. Ilé mọ́, ṣọ́ọ̀bù mọ́, òórùn lọ. Irọ́ ni! Pàǹtí kì í parẹ́. Ojúde yín ló kúrò, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló lọ. Mo ń kìlọ̀ fún ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, àti gbogbo ẹni tó ń so ọ̀rá pàǹtí lẹ́nu láìbèèrè ibi tó ń lọ: ó ń padà bọ̀.

Ojú mi ni èyí ṣe. Aládùúgbò mi kan ní owó PSP, àwọn aládàáni tó ń kó pàǹtí, ti wọ́n jù. Ó pe ọlọ́mọlanke, ó fún un lówó díẹ̀, ó kó àpò mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò rìn jìnnà. Bí òjò ṣe ṣú báyìí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá da gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti kún bo títì. Láàárín páńpásì àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìwé iṣẹ́ àmúrelé kan léfòó. Orúkọ ọmọ aládùúgbò mi ló wà lára rẹ̀.

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ìbàdàn mọ ohun tí omi tí kò rọ́nà lọ lè ṣe. Ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó sọ òjò di ọ̀fọ̀. Ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún dé, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100.

Ẹ lè sọ pé, “PSP ló ń kó tiwa.” Ó dáa. Níbo ni wọ́n ń kó o lọ? Láti 1992 ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí Èkó sí ààtàn Olúsosùn, ní Ọjọ́ta. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n pè é nígbà náà. Lónìí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti yí i ká.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Ààtàn ìgbà tiwọn ni wọ́n ń wí: eèpo iṣu àti ewé ló ń gbà, bí wọ́n bá jẹrà tán, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ a hù lórí rẹ̀. Tiwa, ọ̀rá, bátìrì, agolo oògùn ẹ̀fọn àti oúnjẹ tó bà jẹ́, gbogbo rẹ̀ là ń dì pọ̀. Bí oúnjẹ bá ń jẹrà lábẹ́ òkìtì tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó ń pọ gáàsì mẹ́tẹ́ènì, gáàsì tí iná ń ràn mọ́. Ní oṣù Kẹta 2018, Olúsosùn gbaná, èéfín bo àdúgbò, wọ́n sì ní láti ti ibẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. Iná tó ń jó nínú ikùn ààtàn kì í ṣe iná tí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ń pa.

Òkè pàǹtí tún máa ń wó. Ní 2017, ààtàn Koshe ní Addis Ababa ya lulẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 100. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ti Kiteezi ní Kampala ṣe bẹ́ẹ̀, ó pa ju 30 lọ. Àwọn tó ń gbé nídìí òkìtì náà ló bò mọ́lẹ̀.

Èyí tí kò wó, tí kò jó, ń ro. Omi dúdú ń sun lábẹ́ rẹ̀ lọ sínú kàǹga. Ẹni tó bá se omi kàǹga náà lè pa kòkòrò àìsàn. Ṣùgbọ́n òjé inú bátìrì mọ́tò kì í kú nínú omi gbígbóná.

Ẹ̀yin onílé ìwòsàn kéékèèké àti ẹ̀yin olóògùn tí ẹ ń ju abẹ́rẹ́ sínú ọ̀rá dúdú, ẹ gbọ́. Ìwọ̀ irin ni ọmọ bọ́là fi ń tú u, ọwọ́ lásán ló sì fi ń ṣà á. Abẹ́rẹ́ yẹn lè kó mẹ́dọ̀wú tàbí kògbóògùn bá a. Nídìí ọ̀rá yín ló ti kó o.

Ẹ má ṣe gbé pàǹtí fún ẹni tí ẹ kò mọ ibi tó ń dà á sí. Ẹ má finá sí ọ̀rá lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ yín ló ń fa èéfín náà símú. Ẹ ya bátìrì sọ́tọ̀, ẹ fi bébà wé ìgò fífọ́. Ẹ má gbẹ́ kàǹga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, bó ti wù kí ilẹ̀ ibẹ̀ rọjú tó.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tiwa kò tilẹ̀ ṣòro láti mọ olówó rẹ̀: orúkọ ọmọ wa wà lára rẹ̀.