Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Gbohùngbohùn Oníwo



Bí ẹ bá wà ní oko, tí ẹ sì fẹ́ pe ẹni tí ó wà ní ọ̀ọ́kán, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ẹ ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu, ẹ ó sì ké. Kò sí ẹni tí ó kọ́ yín. Láti kékeré ni ẹ ti mọ̀ pé ohùn tí ó gba àárín ọwọ́ kọjá máa ń jìnnà ju ohùn tí ó ti ẹnu jáde lásán lọ. Ẹni tí ń fọn ìwo ẹran pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Kpingni, àti káàkiri Igbó Ìdáàṣà tí òkè pọ̀ sí, ẹ tún mọ ohun kejì. Bí ẹ bá kọjú sí òkè tí ẹ ké, òkè yóò dá yín lóhùn. Ohùn tí ó padà wá yìí ni Yorùbá ń pè ní gbohùngbohùn. Lónìí, orúkọ kan náà ni a fi ń pe ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ibi ìnáwó.

Irú gbohùngbohùn kan ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí. Ìdí rẹ̀ tínrín, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó rí bí ohun tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ìwo ni a ó máa pè é.

BÍ ÌWO TI Ń ṢIṢẸ́

Nínú ìdí ìwo, awọ tínrín kan wà níbẹ̀ bí ojú ìlù kékeré. Wáyà tín-ín-rín tí a ká wà lára awọ náà, òòfà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wáyà. Òòfà ni irin tí ń fa irin mọ́ra. Bí iná mànàmáná bá gba inú wáyà kọjá, òòfà á tì í síwájú, á sì fà á sẹ́yìn. Awọ á máa gbọ̀n. Bí awọ bá gbọ̀n, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn.

Kí wá ni iṣẹ́ ìwo? Ẹ fi ìka kan ṣoṣo fẹ́ atẹ́gùn sí ojú yín. Ẹ kò ní mọ ọ́n lára, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń sá fún ìka náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni awọ kékeré rí ní gbangba. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀fun ìwo, àyè há. Afẹ́fẹ́ kò rí ibi sá sí, awọ sì rí ohun tí yóò tì. Láti ibẹ̀, ìwo ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹnu. Ẹ̀yin ará òkè mọ̀ pé ènìyàn kì í fò dé orí òkè. Ọ̀nà tí ń ga díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbé e débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwo ṣe ń gbé ohùn láti ibi híhá dé ibi gbangba láìjẹ́ kí agbára rẹ̀ ṣòfò.

Èrè ibẹ̀ pọ̀. Bí a bá pín agbára iná tí ó wọ inú sípíkà alápòótí lásán sí ọ̀nà 100, nǹkan bí ọ̀nà 1 péré ni ó máa ń di ohùn. Ìyókù di ooru. Ti ìwo tí a ṣe dáadáa lè tó ọ̀nà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìwo kékeré tí ń jẹ iná bátìrì ọkọ̀ fi lè ké kárí abúlé.

Ṣùgbọ́n ìwo ní àléébù. Ohùn ìsàlẹ̀, bí ohùn ìlù ńlá, ń fẹ́ ẹnu tí ó fẹ̀ gidigidi. Bí ẹnu ìwo bá kéré, ohùn ìsàlẹ̀ kò ní jáde dáadáa. Èyí ni ó fà á tí ìwo kékeré fi ń dún bí ẹni tí ń fi imú sọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1940, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Paul Klipsch wá ọgbọ́n sí i. Ó ká ìwo ńlá sínú àpótí, ó sì gbé àpótí náà sí igun yàrá, kí ògiri méjèèjì lè di ẹnu ìwo.

ÌTÀN ÌWO NÍ SÓKÍ

Ní ọdún 1877, Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ. Ní 1887, Emile Berliner mú giramafóònù jáde, èyí tí ń lo àwo pẹlẹbẹ. Giramafóònù àtijọ́ kò lo iná rárá. A ó fi ọwọ́ yí i, àwo á máa yí, abẹ́rẹ́ á máa tọ ojú ilà rẹ̀, ìwo á sì gbé ohùn jáde.

Ní 1915, Peter Jensen àti Edwin Pridham so ìwo giramafóònù mọ́ ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ṣe. Wọ́n pè é ní Magnavox, èyí tí ó túmọ̀ sí «ohùn ńlá» ní èdè Látìn. Ní ọdún náà gan-an, ní àsìkò Kérésìmesì, wọ́n fi bá ọ̀pọ̀ èrò sọ̀rọ̀ ní ìlú San Francisco.

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọ orin 43 sínú àwo ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ wọ́n. Inú ìwo giramafóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ní 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò dé ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Àwọn ènìyàn sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gbọ́ èsì. Ní 1953, rédíò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kútọnu, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey.

BÀBÁ ÀTI ỌMỌ

Kí ẹni méjì dìde, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yìí sókè. Kí ẹnì kan jẹ́ bàbá, kí èkejì jẹ́ ọmọ.

Ọmọ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Oníṣòwò kan wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ ra giramafóònù àtijọ́ yìí pẹ̀lú àwọn àwo rẹ̀.

Bàbá: Èló ni ó pè é?

Ọmọ: 5,000 fúráǹkì. Mo rò pé kí a gbà á. Ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde. Sípíkà mi ń dún jù ú lọ.

Bàbá: Òótọ́ ni, sípíkà rẹ ń mi àyà ènìyàn. Nígbà tí iná lọ lánàá ńkọ́, kí ni ó sọ?

Ọmọ: Ó dákẹ́.

Bàbá: Jókòó, kí n yí èyí fún ọ. Ó dáa. Ṣé o ń gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń wí?

Ọmọ: Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni pé ó jókòó tì wá.

Bàbá: Ó ti kú kí a tó bí mi. Bàbá mi ra àwo yìí ní Èkó. Bí a bá tà á, níbo ni a ó ti rí òmíràn?

Ọmọ: Bàbá, ẹ má bínú. Bí ó bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwo méjì fi fọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Eku ti jẹ àpò àwọn yòókù.

Bàbá: O kò parọ́. Èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orin yìí, n kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Orúkọ náà wà lára ìwé àárín àwo. Ojú ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni.

Ọmọ: Ẹ ti ń lọ sí kíláàsì wàyí. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Bàbá: Mú fìtílà súnmọ́ mi. Yo... ru... ba. Yoruba! Àwọn èyí tí ó tẹ̀ lé e kéré lójú mi.

Ọmọ: Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà wọ́n, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé, àwo kan lẹ́yìn òmíràn. N ó fi fóònù mi gba orin wọn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá: Lọ sọ fún oníṣòwò pé kí ó máa lọ. A kò tíì mọ ohun tí a ní. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ iye tí a ó tà á?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni ó jàre? Àwọn méjèèjì ni. Sípíkà ọmọ dára fún ijó. Ìwo bàbá dára fún ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó dé etí. Ní ilẹ̀ Japan, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn kan wà tí ń san owó gidi fún ìwo àtijọ́. Nítorí náà, ẹ ṣe ìwádìí kí ẹ tó tà. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ṣọ́ra: àwọn kan ń ṣe giramafóònù tuntun tí wọ́n fi ń tan ènìyàn pé ó ti pẹ́.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ WỌN

1. Ẹ to àwo àtijọ́ ní òró bí ìwé. Ẹ má ṣe to ọ̀kan lé orí èkejì. Ẹ má gbé wọn sínú oòrùn.

2. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ irin giramafóònù lẹ́yìn ojú àwo kan. Abẹ́rẹ́ tí ó kúnlẹ̀ ń ha àwo.

3. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ irin sórí àwo oníke ti ìgbà tí ó dé lẹ́yìn. Yóò bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

4. Bí ẹ bá ń lo ìwo oníná, ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹni tí ó di makirofóònù mú. Ohùn á tún padà wọlé, ìwo á sì máa han goooro.

5. Ẹ gbé ìwo sókè ju orí ènìyàn lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jókòó sí ẹnu rẹ̀. Ariwo ńlá ń ba etí jẹ́, etí tí ó bá bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà bọ̀ sípò.

6. Ẹ rántí aláìsàn àti ẹni tí ń sùn ní àdúgbò. Ìwo kò mọ ilé tí ó yẹ kí ó dé àti èyí tí kò yẹ.

ÌṢIRÒ

Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1. Ẹ kọjú sí òkè, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí gbohùngbohùn bá padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 2, ohùn ti rin mítà 680 ní àlọ àti àbọ̀. Òkè náà wá jìnnà sí yín ní mítà 340.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìtumọ̀ méjì tí gbohùngbohùn ní?

2. Kí ló dé tí ìwo kékeré kò fi lè gbé ohùn ìlù ńlá jáde dáadáa?

3. Ọdún wo ni Àlùfáà Ransome-Kuti kọ orin sínú àwo?

4. Àwo giramafóònù ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú 1. Ìgbà mélòó ni yóò yí ní ìṣẹ́jú 3?

5. Kí ni bàbá rí kà lára àwo? Kí ló dé tí kò fi kà á ṣáájú ìgbà náà?

6. Ẹ wá ohun àtijọ́ kan nílé yín tí a kọ nǹkan sí lára. Ẹ kà á, ẹ dà á kọ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.