Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ ẹbí àti ẹjọ́ ààfin la sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ owó ìwòsàn mu gan-an. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ adójútòfò tó ń yẹ ìwé yín wò ní Cotonou, ní Paris tàbí ní London kò rí aláìsàn, kò sì mọ bí ọ̀nà ṣe rí láti abúlé kan ní agbègbè Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Benin dé ilé ìwòsàn ńlá. Fátúrà ló rí, àti ìwé oògùn, àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ìkánjú kọ. Ohun tí ìwé wọ̀nyẹn bá wí nìkan ni yóò fi dájọ́. Nítorí náà, bí lẹ́tà bá dé pé wọn kò ní san owó tí ẹ béèrè, ẹ má kà á sí òpin ọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ tiwọn ni. Ẹ̀yin kò tíì sọ tiyín.

Àlejò tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀ ní Tchaourou. Ojú títì tó ti Cotonou lọ sí Parakou ni ìlú náà wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì bá ti Nàìjíríà pààlà lápá ìlà oòrùn. Nígbà kajú, àwọn oníṣòwò á ya wọ̀lú. Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú àti àwọn ọmọ Yorùbá tó sọdá láti apá Ṣakí wà níbẹ̀ yípo ọdún. Ìwé adójútòfò tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe irú kan náà, ibi tí ìwé náà sì ti wá ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, torí òfin ibẹ̀ ni yóò gbèjà yín.

Bó bá jẹ́ ètò NHIA, ìyẹn adójútòfò ìlera ti ìjọba Nàìjíríà, ni, èyí tí wọ́n fi òfin tuntun gbé ró ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí nílé ni ètò náà dúró lé. Ẹ má retí pé yóò san fátúrà Parakou. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ kọ̀wé ẹ̀hónú sí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fèsì ìkẹyìn. Lẹ́yìn èsì yẹn, ẹ ní oṣù mẹ́fà láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ alárinà tí wọ́n ń pè ní Financial Ombudsman Service, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùfisùn. Ilẹ̀ Faransé náà ní Médiateur de l'Assurance, ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Cotonou ni ti ọ̀pọ̀ ẹni tí agbanisíṣẹ́ wọn ṣe ìwé fún, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí. Òfin CIMA, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan para pọ̀ dá sílẹ̀ lórí iṣẹ́ adójútòfò, ló ń darí wọn. Yaoundé ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tó dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992, òfin kan náà ló sì wà ní Benin, Togo, Niger, Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó para pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń san owó lóṣooṣù kò mọ̀ pé òfin yìí wà, ó sì ń dùn mí, torí agbára púpọ̀ ló fi sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ̀ láti san owó fún.

Ẹ wo abala kẹjọ. Ó ní gbólóhùn yòówù nínú ìwé àdéhùn tó bá yọ àìsàn kan sílẹ̀, tàbí tó bá gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tó hàn gedegbe. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà yín ni èyí: abala wo nínú àdéhùn wa lẹ fi kọ̀ ọ́? Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ojú ìwé náà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní ìwé yín pẹ́ kó tó dé ni, òfin náà kò gbà kí àdéhùn torí ìpẹ́ lásán gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín. Bí ìpẹ́ náà bá pa wọ́n lára, ìwọ̀n àdánù tó bá wọn ni wọ́n lè béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí oyún rẹ̀ pé oṣù méje, tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ lóru ní Tchatchou, lágbègbè Tchaourou. Ọkọ rẹ̀ kò pe ẹnikẹ́ni ní Cotonou kó tó gbé e lọ sí Parakou, ta ni yóò sì bá a wí? Lẹ́yìn oṣù kan, èsì dé: ẹ kò gba àṣẹ kí ẹ tó lọ, ilé ìwòsàn náà kò sì sí lára àwọn tí a bá ṣe àdéhùn. Fátúrà kò lè dáhùn èyí, torí iye owó nìkan ló ń sọ. Ìwé dókítà ló lè dáhùn rẹ̀: aago tí wọ́n gbé e dé, ohun tí dókítà bá lára rẹ̀, ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí i àti ọmọ inú rẹ̀ ká ní wọ́n dúró de àárọ̀. Yálà ilé ìwòsàn Saint Martin ní Papané lẹ lọ ni o, tàbí Parakou, ẹ gba ìwé yìí kí ẹ tó jáde kúrò lọ́gbà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé. Dókítà tó tọ́jú yín lónìí lè ti ṣí lọ sí ibòmíràn nígbà tí ẹ bá padà wá a.

Ibì kan wà tó le. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ nígbà tí ẹ ń kún fọ́ọ̀mù láti fi tàn wọ́n jẹ, abala 18 lè sọ gbogbo àdéhùn náà dòfo, lẹ́tà kankan kò sì lè jí i dìde. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ẹ̀tàn, bóyá ẹ gbàgbé tàbí ìbéèrè náà kò yé yín lédè Faransé, abala 19 ló kàn yín. Wọn kò lè tìtorí rẹ̀ pa àdéhùn náà rẹ́. Wọ́n lè dín owó náà kù ní ìbámu pẹ̀lú iye tó yẹ kí ẹ máa san. Àwọn méjèèjì jìnnà síra, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní ti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìbínú yín tọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń ka lẹ́tà kò lè fi èébú ṣe ẹ̀rí níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà àdéhùn, nọ́ńbà lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín, ọjọ́ tí àìsàn dé, iye fráǹkì tí ẹ ń béèrè, ìdí tí ẹ kò fi gbà pẹ̀lú wọn, àti àwọn ìwé tí ẹ fi tì í. Ojú ìwé kan tó. Faransé ni kí ẹ fi kọ ọ́ sí Cotonou. Bí Faransé yín kò bá já gaara, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa, kí ó sì kà á padà fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Abala 28 fún yín ní ọdún méjì péré láti gbé ẹjọ́ dìde lórí àdéhùn báyìí. Ìpè fóònù àti WhatsApp kò tó láti dá kíka ọdún méjì náà dúró. Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní lettre recommandée avec accusé de réception, ló ń dá a dúró, tí a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti oókan. Ẹ tọ́jú bébà tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Ìdákẹ́ ló ń pa ẹ̀tọ́ jù. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti là á sílẹ̀ kedere pé ẹni tí wọ́n kọ̀ láti san owó fún lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, KFF, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìlera, yẹ ìwé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta adójútòfò lórí HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba ibẹ̀, wò fún ọdún 2023. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n kọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ta kò kò tó ọ̀kan nínú 100. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwọ̀nba tí wọ́n ta kò, nǹkan bí 44 nínú 100 ni iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ yí ìpinnu padà lé lórí.

Bí iléeṣẹ́ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú ẹ̀dà gbogbo ìwé lọ sí Direction des Assurances, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọrọ̀-ajé àti ìnáwó ní Cotonou. Àwọn ló ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí. Kóòtù ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Fún owó kékeré, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti lọ síbẹ̀, nítorí owó lọ́yà á jẹ ẹ́ tán. Fún owó iṣẹ́ abẹ, ẹ lọ. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ rí agbanisíṣẹ́ yín, torí òun ló buwọ́ lu àdéhùn náà. Ẹ bi í bóyá ó ti san owó tiẹ̀ pé, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.