Ẹ Má Kó Ẹrù Sí Yàrá Àlejò

Lóṣù tó kọjá, akọ̀wé wa fi gbogbo àárọ̀ tẹ owó ìfipamọ́ yín sínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń lò láti ọ̀nà jíjìn. Ó tẹ sign out, ó lọ jẹun. Ìgbà tó dé, kò bá nǹkan kan. A rò pé olè ni. Kò sí olè níbẹ̀.

Lórí sáfà Windows, olúkúlùkù ló ní yàrá tirẹ̀ nínú C:\Users. Bí ètò orúkọ ẹni bá bàjẹ́ tí yàrá náà kò ṣí, Windows kì í sábà léni padà. Yàrá àlejò tó ń jẹ́ TEMP ló máa ń fini sí. Ohun tí ẹ bá kó sórí Desktop tàbí Documents níbẹ̀, gbígbá ni yóò gbá a dànù bí ẹ bá ti jáde. Ó máa ń kìlọ̀ o, àmọ́ ta ló ń kà á?

Bí ẹ bá rí i pé Desktop yín ṣófo lójijì, ẹ má tẹ nǹkan kan. Bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ẹ má jáde! Ẹ kọ́kọ́ da á kọ sínú fódà ẹgbẹ́, kí ẹ tó pe ẹni tó ń tọ́jú sáfà. Òun ni yóò wo ProfileList, bóyá orúkọ tó ní .bak nídìí wà níbẹ̀. Kó má ṣe pa yàrá àtijọ́ rẹ́ o. Ẹrù yín sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀.

A ti fi rìsíìtì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pé nínú káàdì, kó mú rìsíìtì tirẹ̀ wá sí ọ́fíìsì.