Àlá àti Gbèsè: Ẹ̀kọ́ lórí Ọ̀rọ̀ Dókítà Martin Luther King

Ibi kíkà: Ámósì 5:21-24, Àìsáyà 40:3-5.

Ní ọjọ́ Ajé kẹta oṣù kìn-ín-ní lọ́dọọdún, ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí ń ṣe ìrántí Dókítà King. Olùkọ́ a máa sọ fún àwọn ọmọ wa pé ọkùnrin kan lá àlá. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni ó wà nínú àlá náà, wọn a ní kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ máa ṣeré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ jẹ́ kí òbí àti ọmọ jọ wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

1. Ìgbà tí a sọ ọ́
Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nǹkan bí 250,000 ènìyàn péjọ sí Washington, níwájú ilé ìrántí Ààrẹ Abraham Lincoln. Ìwọ́de fún iṣẹ́ àti òmìnira ni wọ́n pè é. Ẹni ọdún 34 ni Dókítà King, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í jẹ́ kí dúdú jókòó ti funfun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi oríṣìíríṣìí ọgbọ́n dí dúdú lọ́wọ́ láti dìbò.

2. Kíka ọdún ní ogún-ogún
Dókítà King bẹ̀rẹ̀ nípa kíka ogún ọdún lọ́nà márùn-ún padà sí ọdún 1863, nígbà tí Lincoln buwọ́ lu ìwé tí ó kéde òmìnira fún àwọn ẹrú ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ń bá ìjọba àpapọ̀ jagun. Elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í kà báyìí lójoojúmọ́. Lincoln fúnra rẹ̀ ni ó kà bẹ́ẹ̀ ní Gettysburg ní 1863, tí ó ka ogún mẹ́rin lé méje padà sí 1776. Dókítà King dúró níwájú ère Lincoln, ó sì fi ohùn Lincoln bá orílẹ̀-èdè náà wí. Ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí èyí tètè yé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń kà: ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún.

3. Ìwé sọ̀wédowó
Apá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò nìyí. Kí ó tó dárúkọ àlá, gbèsè ni ó sọ. Ó ní àwọn tí ó kọ ìwé òmìnira àti ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti tọwọ́ bọ ìwé ìlérí fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí dúdú mú ìwé sọ̀wédowó tirẹ̀ wá, wọ́n dá a padà pé owó kò tó. Ó ní òun kò gbà pé báǹkì òdodo ti wọko gbèsè, ìdí nìyí tí àwọn fi wá gbowó. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó lọ sin gbèsè kì í ṣe alágbe. Síbẹ̀ ó kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ìkórìíra tàbí ìwà ipá gba ẹ̀tọ́ wọn.

4. Ohùn oníwàásù
Nígbà tí ó sọ ohun tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ Ámósì lórí ìdájọ́ àti omi ni ó mú lò. Nígbà tí àlá rẹ̀ ń parí lọ, ó dé orí àfonífojì àti òkè Àìsáyà. Ó ń pe gbólóhùn kan náà lápètúnpè bí ègbè orin, gẹ́gẹ́ bí oníwàásù ìjọ àwọn dúdú ti máa ń ṣe. Àwọn tí ó wà nítòsí ròyìn pé Mahalia Jackson, olórin ẹ̀mí, ké sí i pé kí ó sọ ti àlá náà. Kò sí nínú ìwé tí ó kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ rí ní Detroit ní oṣù kẹfà ọdún náà.

5. Irú àlá wo?
Kì í ṣe àlá ojú oorun tí ilẹ̀ mọ́ tí a kò rí mọ́. Ó jọ àlá Jósẹ́fù, tí ìyà ṣáájú kí ó tó ṣẹ. Ọjọ́ 18 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ní ọjọ́ Ìsinmi, bọ́ǹbù pa ọmọbìnrin mẹ́rin nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Birmingham. Òfin ẹ̀tọ́ dé ní 1964, òfin ìdìbò ní 1965. Wọ́n yìnbọn pa Dókítà King ní Memphis ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968.

6. Ohun tí ó kàn wá
Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń jẹ nínú èso rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní gúúsù ni ó ya wọ́ọ̀dù dúdú sọ́tọ̀, òmíràn kì í gbà wọ́n rárá. Nígbà tí Medicare bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ìjọba ní ilé ìwòsàn tí ó bá ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ kò ní rí owó náà gbà. Láàárín ìgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù di ọ̀kan. Ní 1965 bákan náà ni òfin tuntun pa ètò tí ó ń fi ojúure hàn sí àwọn ará Yúróòpù nínú wíwọ ilẹ̀ yìí rẹ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kò yẹ kí a jókòó nínú ilé wa kí a máa pe àwọn ọmọ àwọn tí ó jìyà náà ní akátá, kí àwọn ọmọ wa sì máa gbọ́. Ẹni tí ó bá mu omi kànga kì í bú ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Ìbéèrè fún ìdílé
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín alágbe àti ẹni tí ó lọ sin gbèsè?
2. Nínú Ámósì 5, kí ni Ọlọ́run kọ̀, kí ni Ó sì ń bèèrè?
3. Ìlérí wo ni a ṣe nínú ilé wa tí a kò tíì mú ṣẹ?

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ọwọ́ tí ń ṣe òdodo. Àmín.